Ìgbín Mẹ́fà

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi mú màmá mi lọ
síbi tí Dósù ti ń se oúnjẹ Faransé
ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ọgbà Rélùwéè,
láàárín ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan àti ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà.

Tábìlì márùn-ún péré. Ọ̀kan ń mì,
wọ́n ká páálí sí i lẹ́sẹ̀.
Ẹfun ni wọ́n fi kọ orúkọ oúnjẹ sára pátákó dúdú;
òjò àná ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́.
Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pa ènìyàn.
Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọjú wò ó láti òde,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ka owó mi.

Màmá mi jókòó bí ẹni tó wá sílé àna,
báàgì lórí itan,
gèlè rẹ̀ ń kan férémù tó wà lára ògiri.
Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi,
èmi ni n ó ṣàlàyé ohun gbogbo."
Èmi tí mo kọ́ ọ lórí fóònù lóru àná:
bí wọ́n ṣe ń pe ọbẹ̀ àlùbọ́sà,
bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì di fọ́ọ̀kì mú.

Ọbẹ̀ náà dé nínú abọ́ amọ̀,
búrẹ́dì léfòó sójú rẹ̀, wàràkàṣì bò ó mọ́lẹ̀.
Màmá mi fi ṣíbí fà á sókè,
ó fà á, ó fà á, kò já.
Ó ní, "Èyí mà fẹ́ràn abọ́ rẹ̀ o."

Lẹ́yìn náà ni ìgbín.
Mẹ́fà, nínú àwo tó ní ihò mẹ́fà,
bọ́tà àti aáyù ń hó lẹ́nu ìkarahun wọn.
Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, ìgbín kan a máa kún àtẹ́lẹwọ́.
Màmá mi wò wọ́n. Ó wò mí.
"Ta ló lọ kó ọmọ ìgbín nílé ìyá wọn?"

Ìgbà náà ni Dósù jáde láti ilé ìdáná,
ó ń fi ápírọ́ọ̀nù nuwọ́,
ó béèrè bóyá oúnjẹ dùn,
lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro.
Mo lanu.
Màmá mi ló dáhùn.
Lédè Faransé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe méjì.
Ó ń tú jáde bí ẹ̀wà láti inú àpò tó ya,
ohùn rẹ̀ gba imú, ọwọ́ rẹ̀ ń jó.
Dósù pariwo, ó fa àga, ó jókòó tì wá,
wọ́n ń dárúkọ òpópónà, wọ́n ń dárúkọ òkú,
wọ́n ń rántí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì
létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́,
tí kì í fún ènìyàn ní ṣéńjì.
Èmi wà láàárín wọn bí àlejò,
fọ́ọ̀kì mi lọ́wọ́ òsì.

Iná lọ. Ẹnìkan tan àbẹ́là.
Mo ní, "Màámi, nígbà wo?"
Ó fi ìgúnnu tín-ín-rín yọ ìgbín kan, kò wojú rẹ̀,
bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.
"Ọdún mẹ́rin. Kí n tó mọ bàbá rẹ.
Mo ń se oúnjẹ fún dókítà òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀.
Rosalí ni wọ́n ń pè mí."
"Ẹ ò sì sọ fún wa?"
"Ta ló bi mí léèrè?"

Dósù kò gba owó ìgbín.
Owó ọbẹ̀ nìkan ló gbà,
inú sì ń bí mi díẹ̀, mi ò mọ ìdí:
owó oṣù mi ṣì wà lápò,
mi ò tíì ra nǹkan kan fún un.

A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin padà sílé.
Ó ń lọ níwájú mi, gèlè rẹ̀ ti wọ́.
Wọ́n ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.
Ìkarahun ni mo ti ń wò láti ọjọ́ tí ó ti bí mi.
Nígbà tí a dé ìkóríta, ó yíjú padà, ó ní,
"Aáyù inú ẹ̀ kò tó.
Ìyàwó dókítà ì bá ti dá a padà."